Bí A Ṣe Fi Amọ̀ Ìlú Kọ́ Kíláàsì Méjì ní Èkìtì

Kì í ṣe àwòrán ara ògiri ló ń sọ ilé ẹ̀kọ́ di ti ará abúlé, bí ilé ṣe jókòó ni. Nítorí náà, a ò to kíláàsì méjèèjì sórí ìlà kan. A jẹ́ kí wọ́n kojú síra, àgbàlá wà láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 2.5 sì yí i ká bí agbo ilé. Àgbàlagbà tó bá wá pàlọ́ fún àwọn ọmọ rí ibi jókòó sí.

Erùpẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó ilẹ̀ dúdú òkè dànù, torí ewé jíjẹrà inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí búlọ́ọ̀kù dì. Ti pupa abẹ́ rẹ̀ lẹ fẹ́. Láti mọ bí amọ̀ inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, mo bù ú dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò, mo da omi àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo mì ín, mo gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á sùn sísàlẹ̀, amọ̀ á wà lókè. Bí amọ̀ bá ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá lọ, búlọ́ọ̀kù á sán bó bá ń gbẹ. Ẹ fi yanrìn kún un.

Àpò sìmẹ́ǹtì kan sí bárò erùpẹ̀ mẹ́wàá la pò, ní gbígbẹ kí omi tó dé ibẹ̀. Bí ẹ bá ti fi omi pò ó, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un pọ̀, kí ẹ jù ú sílẹ̀ láti ibi àyà. Bó bá là sí mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó dáa. Bó bá fọ́ yángá, omi kò tó. Bó bá lẹ̀ mọ́lẹ̀, omi ti pọ̀jù. Ẹ fi ẹ̀rọ tẹ erùpẹ̀ tí ẹ pò náà di búlọ́ọ̀kù tán láàárín wákàtí kan, ẹ tò ó sí ìbòòji, ẹ fi ọ̀rá bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7. Kó pé ọjọ́ 28 kí ẹ tó fi mọlé.

Ìsàlẹ̀ ògiri ni òjò ti máa ń jẹ ilé amọ̀, torí omi tó ń ta sókè láti ilẹ̀. Òkúta la fi gbé e ga ní sẹ̀ǹtímítà 45, páànù sì yọ síta ní mítà kan. A gbé páànù kúrò lórí àjà kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn kó ooru lọ, bí Francis Kéré, ayàwòrán ilé, ti ṣe é sí ilé ẹ̀kọ́ abúlé Gando, ní Burkina Faso. Ẹ ṣọ́ kápẹ́ńtà o, wọ́n fẹ́ràn àtidí àlàfo yẹn pa.

Àwọn òbí kọ́kọ́ sọ pé ilé òtòṣì ni ilé amọ̀. A sọ fún wọn pé ilé ẹ̀kọ́ Gando gba ẹ̀bùn Aga Khan, ẹ̀bùn àgbáyé fún iṣẹ́ ilé kíkọ́, ní 2004, ṣùgbọ́n ògiri kékeré tí a mọ sójú ọjà kí òjò pa á ló yí wọn lọ́kàn padà.

Àwọn ìyá ló rẹ́ ara ògiri, pẹ̀lú amọ̀, yanrìn àti omi tí a se èèpo irúgbá sí, èyí tó ń jẹ́ kó le. Òjò á ṣì máa fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Kí a tó kúrò, a pín ògiri fún agbo ilé kọ̀ọ̀kan: bí òjò bá ti dá lọ́dọọdún, wọ́n á tún tiwọn rẹ́.