Ìwé máníjà ilé ìtọ́jú àgbà: ohun tí mo wá kó ní Ìjẹ̀bú-Òde kí Íńgílándì tó forúkọ mi sílẹ̀

Oṣù mẹ́rin péré ni mi ò kọ sínú fọ́ọ̀mù tí mo fi ń tọrọ ìforúkọsílẹ̀ máníjà ilé ìtọ́jú àgbà ní Íńgílándì, òun náà ló sì dá fọ́ọ̀mù padà. Ó bọ́ sí àárín ìgbà tí mo parí ìsìnrú ìlú àti ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kò sí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Ilé ni mo wà, mò ń wá iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka fọ́ọ̀mù ò lè mọ̀ bí mi ò bá kọ ọ́. Mo ń kọ èyí fún àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tó ti di igbákejì máníjà nílé ìtọ́jú àgbà lọ́hùn-ún, tí wọ́n fẹ́ di máníjà gan-an, tí ìdajì ìwé wọn ṣì wà nínú àpótí ìyá wọn nílé.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ mọ ilẹ̀ tí ẹ wà, nítorí Ìlú Ọba kì í ṣe ọ̀kan náà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní Wales, Social Care Wales ló ń forúkọ máníjà sílẹ̀. Ní Scotland, SSSC, ìgbìmọ̀ irú rẹ̀ tibẹ̀, ni. Northern Ireland náà ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí, òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń wọ ìwé, bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ní nọ́ńbà tirẹ̀. Íńgílándì ò rí bẹ́ẹ̀. CQC, àjọ tó ń mójú tó àwọn ilé ìtọ́jú, ló ni tibẹ̀, lábẹ́ òfin Health and Social Care Act ti ọdún 2008, ohun tí wọ́n sì ń kọ sílẹ̀ ni ìwọ, nínú ilé yìí, lábẹ́ ilé-iṣẹ́ yìí, fún irú iṣẹ́ yìí. Tẹ́ ẹ bá kó lọ sílé ìtọ́jú mìíràn, ìwé yẹn ò ní bá yín lọ. Ẹ ó fagi lé ti àkọ́kọ́, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀ tuntun látorí ìwé ọlọ́pàá. Nítorí náà, ẹ má ju ohunkóhun nù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbà yín; ẹ ó tún lò ó.

Lórí ìwé ẹ̀rí, òfin tó yẹ kẹ́ ẹ kà ni Regulation 7 nínú ìlànà ọdún 2014 tí wọ́n ṣe lábẹ́ òfin yẹn. Ó ní kí máníjà jẹ́ ẹni tó ní ìwà rere, tó ní ìwé ẹ̀rí, òye àti ìrírí tó tó iṣẹ́ náà, tí ara rẹ̀ sì lè gbé e. Kò dárúkọ ìwé ẹ̀rí kan pàtó. Síbẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn ń retí lọ́wọ́ máníjà ilé àgbà ni Level 5 Diploma in Leadership and Management for Adult Care, tí kírẹ́díìtì rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 90. Kì í ṣe ìwé tí èèyàn ń há sórí wọ inú yàrá ìdánwò. Ẹni tó ń yẹ yín wò yóò wo bí ẹ ṣe ń darí ìpàdé, bí ẹ ṣe ń bá òṣìṣẹ́ tó ń pẹ́ dé sọ̀rọ̀, bí ẹ ṣe ń tún ètò ìtọ́jú ṣe lẹ́yìn tí bàbá kan bá ṣubú. Ẹni tí kò tíì ní àṣẹ kankan níbi iṣẹ́ ò ní rí nǹkan fi hàn. Ẹ kọ́kọ́ gba ipò igbákejì tàbí olórí ẹgbẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ilé ọmọdé ní tiẹ̀ wà lọ́wọ́ Ofsted, àjọ tó ń bẹ ilé ìwé àti ilé ọmọdé wò. Level 5 ti residential childcare ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀, ọdún mẹ́ta sì ni máníjà ní láti fi parí rẹ̀ láti ìgbà tó bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Dìgírì tí a gbà ní Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ìlíṣàn ò rọ́pò Level 5, ìbáà jẹ́ first class. Ó ń fi hàn pé orí pé, ó sì ń wúlò. Mo gba ìwé láti UK ENIC, àwọn tí wọ́n ń pè ní NARIC títí di 2021, tó sọ ibi tí dìgírì mi bọ́ sí nínú ètò tiwọn. Àmọ́ abẹ́ Level 5 ni mo tò ó sí nínú fọ́ọ̀mù, mi ò fi ṣáájú.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an rèé: ìtàn iṣẹ́ yín. Schedule 3 nínú ìlànà ọdún 2014 yẹn ló ní kó pé pérépéré, kí àlàyé sì wà lákọsílẹ̀ fún gbogbo àlàfo. Mo mú pépà tó gùn, mo fa ilà mẹ́fà sí i: oṣù àti ọdún tí nǹkan bẹ̀rẹ̀, oṣù àti ọdún tó parí, ibi tí mo wà, ohun tí mò ń ṣe, ìdí tí mo fi kúrò, àti ìwé tó jẹ́rìí sí i. Ilà ìkẹfà yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fà, òun ló sì máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń wá lọ sílé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí mo ṣe WAEC. Ọdún nìkan ò tó, nítorí tẹ́ ẹ bá kọ 2015 sí 2016, ó lè jẹ́ oṣù méjì, ó sì lè jẹ́ ọdún méjì.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àlàfo fi ń wọ ìtàn ọmọ Nàìjíríà láìmọ̀. Èkíní ni ìyanṣẹ́lódì. ASUU pa fásitì tì láti oṣù Keje títí di oṣù Kejìlá ọdún 2013, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kejìlá 2020. Bí ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin bá gba ọdún márùn-ún, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyanṣẹ́lódì ni, kẹ́ ẹ sì kọ ohun tẹ́ ẹ ń ṣe lásìkò náà. Èkejì ni ìsìnrú ìlú. Àwọn kan ò kà á sí iṣẹ́, wọ́n á fò ó. Ẹ kọ ọ́ tọjọ́tọjọ́, látọjọ́ tẹ́ ẹ wọ àgọ́, bíi ti Ṣágámù, títí di ọjọ́ tó wà lórí sátífíkéètì NYSC. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ tí a ò gbowó oṣù fún. Ẹni tó bá ìyá rẹ̀ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ní Òkè-Àjé fún oṣù méje, iṣẹ́ ló ṣe. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tọ́jú bàbá àgbà tó ń ṣàìsàn nílé, ẹ kọ òun náà, kì í ṣe ìtìjú. Ní tèmi, ìlà kan péré ló dí oṣù mẹ́rin yẹn: mò ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí mi, mò ń wá iṣẹ́.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣiṣẹ́ rí pẹ̀lú ọmọdé tàbí àgbà tí kò lè dá ara rẹ̀ gbè, ní ibikíbi láyé, Schedule 3 tún fẹ́ ẹ̀rí nípa ìwà yín níbẹ̀ àti ìdí tẹ́ ẹ fi kúrò, níwọ̀n bí agbára bá ṣe ká a láti wádìí rẹ̀. Èyí ló gbé mi padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi ò wúlò, bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó yìn mí pé mo bẹ̀rù Ọlọ́run, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Kò sí ọjọ́ kan lórí rẹ̀, kò dárúkọ iṣẹ́ tí mo ṣe, kò sì sọ ìdí tí mo fi lọ. Mo bẹ màmá tó ni ilé náà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kọ òótọ́ tó gbẹ." Ohun márùn-ún ni mo kọ sórí pépà kékeré fún wọn: orúkọ ipò mi, ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí mo parí, ìdí tí mo fi kúrò, bóyá wọ́n ti bá mi wí tàbí fẹ̀sùn kàn mí rí, àti orúkọ, ipò pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹni tó buwọ́ lùwé. Kó wà lórí pépà ilé náà, kí sítáǹpù wà lórí rẹ̀, kí ọjọ́ sì wà. Ẹ fi ìlànà yìí ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó wọ bàálù. Ẹ má retí pé ẹ ó dé lónìí kẹ́ ẹ gbà á lọ́la.

Bí ilé náà bá ti pa rẹ́ ńkọ́, tàbí tí ẹni tó dá a sílẹ̀ ti di olóògbé? Ẹ lọ sí ọ́fíìsì Social Welfare ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ilé náà wà lábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ bèèrè bóyá wọ́n lè kọ̀wé pé ilé ọ̀hún wà rí. Ẹ wá ẹni tó jẹ́ ọ̀gá yín nígbà náà, kó kọ tirẹ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo ìgbìyànjú yín: lẹ́tà tẹ́ ẹ kọ, ọjọ́ tẹ́ ẹ fi í ránṣẹ́, èsì tẹ́ ẹ gbà tàbí tí ẹ ò gbà. Òfin ò béèrè ohun tí kò ṣeé ṣe, àmọ́ ó fẹ́ rí i pé ẹ wá a.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ti da ìwé púpọ̀ rú, pàápàá ti àwọn obìnrin wa. Lórí WAEC, orúkọ bàbá gan-an ló wà níbi orúkọ ìdílé. Lórí dìgírì, orúkọ ìdílé ti yí padà. Lórí páásípọ́ọ̀tù, orúkọ ọkọ ló wà. Ènìyàn mẹ́ta ni alejò yóò rí. Mo lọ búra ní kóòtù ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo sì jẹ́ kí ìwé ìbúra náà to gbogbo orúkọ tí mo ti lò bó ṣe wà lórí ìwé kọ̀ọ̀kan gẹ́lẹ́, pẹ̀lú àṣìṣe sípẹ́lì rẹ̀. Tí ìwé ìbúra bá tún sípẹ́lì náà ṣe, kò bá ìwé tẹ́ ẹ fẹ́ fi í ṣàlàyé mu mọ́. Ẹ má lọ lọ́sẹ̀ Iléyá. Ọ́fíìsì á tì, ọjọ́ kẹta Iléyá sì ni Ojúde Ọba; ẹ ò ní rí ẹni buwọ́ lùwé fún yín.

Ìwé ọlọ́pàá méjì ló wà, ọ̀kan ò sì rọ́pò èkejì. Ti Íńgílándì ni DBS, àyẹ̀wò àkọsílẹ̀ ìwà ọ̀daràn, irú èyí tó jinlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní enhanced, tí CQC fúnra rẹ̀ buwọ́ lù. Èyí tí ilé-iṣẹ́ yín ṣe nígbà tí wọ́n gbà yín síṣẹ́ kọ́ nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. DBS kì í rí àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá ilẹ̀ mìíràn. Nítorí náà, mo gba ti Nàìjíríà mọ́ ọn: orí POSSAP, ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì ọlọ́pàá Nàìjíríà, ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo sì tẹ̀ka ní Alágbọn ní Ìkòyí, l'Ékòó. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni. Ẹni tó ti ń fọ abọ́ tàbí po sìmẹ́ńtì títí ìka rẹ̀ fi dán, kó fi òróró pa ọwọ́ fún ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, torí ìka gbígbẹ kì í hàn dáadáa.

Lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù bá wọlé tó sì pé, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló kù. Wọ́n lè bi yín nípa Mental Capacity Act 2005, òfin lórí ẹni tí kò lè dá ìpinnu ṣe fúnra rẹ̀, àti ìlànà márùn-ún rẹ̀, nípa ohun tẹ́ ẹ máa ṣe bí òṣìṣẹ́ bá gbá ìyá àgbà létí, nípa Regulation 20 tó ní kẹ́ ẹ jẹ́wọ́ fún ìdílé nígbà tí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, àti nípa irú ìṣẹ̀lẹ̀ tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi tó CQC létí. Kíkà ò le. Ohun tó ń dá àwa lẹ́bi ni ẹ̀kọ́ ilé. A kì í fẹ́ sọ pé "èmi ni mo ṣe é". A ó ní "àwa", tàbí "ọ̀gá wa ló máa ń". Létí ẹni tó ń bi yín, ó ń dún bíi pé ẹ ò mọ iṣẹ́ tàbí pé ẹlòmíràn ló ń ṣe é. Ẹ fi "èmi" bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn: èmi ni mo pe ìjọba ìbílẹ̀ ní agogo báyìí, èmi ni mo yọ òṣìṣẹ́ náà kúrò lórí iṣẹ́, ohun tí mo kọ sílẹ̀ nìyí. Kò sí àfojúdi níbẹ̀. Bákan náà, ẹ má sọ pé gbogbo àgbà lẹ ń pè ní "Màmá" láti fi bọ̀wọ̀ fún wọn. Ẹ sọ pé ẹ máa ń bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe fẹ́ ká máa pe àwọn, pé ẹ sì ń kọ ọ́ sínú ètò ìtọ́jú wọn.

Nígbà tí ìwé bá jáde, ẹ ka orúkọ, àdírẹ́sì ilé àti irú iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi pamọ́. Ẹ sì mọ̀ pé ìrìn àjò wálé ti yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kúrò níbi iṣẹ́, CQC gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú, kí wọ́n sì mọ ẹni tó máa di ilé mú. Ẹni tó fẹ́ wálé sìnkú, kó wá ṣe Ojúde Ọba mọ́ ọn, kó ka ọjọ́ rẹ̀ dáadáa kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.