Bí Mo Ṣe Gba Abẹ́rẹ́ Botox sí Àárín Ojú Mi

Ìlà méjì tó dúró gbọọrọ lókè imú mi ni mo gbé lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara. Kì í ṣe pé mo fẹ́ padà di ọmọge. Ohun tó sú mi ni pé bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹni tó bá wọlé á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí la ṣe tí ẹ fi fajúro báyìí?" Bẹ́ẹ̀ inú mi lè máa dùn nígbà náà o.

Dókítà ò tíì dárúkọ abẹ́rẹ́ kankan tó fi gbé díńgí lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n fajúro, kí n tún tújú ká. Ìlà tó jẹ́ pé ìgbà téèyàn bá fajúro nìkan ló ń yọ, iṣan tó ń fún awọ pọ̀ ló fà á. Èyí tí kì í kúrò bí ojú tilẹ̀ sinmi ti wọ inú awọ lọ. Tèmi jẹ́ àmúlùmálà. Ó wá là á yé mi pé kì í ṣe awọ nìkan ló ń darúgbó lójú: ọ̀rá inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dín kù, ó ń sọ̀ kalẹ̀, egungun ojú pàápàá ń joro, collagen tó ń mú awọ le dáadáa ń dín kù, oòrùn àti sìgá sì ń mú gbogbo rẹ̀ yá sí i. Kò wá sí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tó lè kájú gbogbo ìyẹn.

Mo bi í bóyá filler la ó lò. Ó mi orí. Filler, tó sábà máa ń jẹ́ jẹ́lì hyaluronic acid, ibi tó jìn tàbí tó ti rù ló ń kún. Kì í dá iṣan dúró. Àárín ojú sì wà lára ibi tó léwu jù lọ láti fi í sí, nítorí pé òpó ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ so mọ́ ti ẹyinjú. Bí jẹ́lì bá ṣèèṣì wọnú òpó yẹn, awọ lè kú, ojú lè fọ́. Oògùn kan wà tó ń yọ́ jẹ́lì náà, hyaluronidase, ṣùgbọ́n ojú tó bá ti fọ́ ṣòro púpọ̀ láti là. Lójú tèmi, àlàyé yìí nìkan ti tó owó tí mo san.

Ó ku Botox. Oró bakitéríà Clostridium botulinum ni, èyí tó ń pani nínú oúnjẹ inú agolo tí wọn ò sè dáadáa. Èyí tí wọ́n ń fi sójú kéré jọjọ, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju kó má jẹ́ kí iṣan rí àṣẹ ọpọlọ gbà. Àwọn dókítà ojú ló kọ́kọ́ ń lò ó, fún ojú méjì tí kì í wo ibì kan náà àti ojú tó ń ṣẹ́ láìdáwọ́ dúró. Ní Kánádà, Jean Carruthers, dókítà ojú, rí i pé ìlà àárín ojú àwọn tó ń tọ́jú ń pòórá. Òun àti ọkọ rẹ̀ Alastair, tó jẹ́ dókítà awọ ara, kọ ìwádìí wọn jáde ní 1992. Ní 2002 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí i fún ìlà yìí gan-an.

Ìbéèrè pọ̀ kí abẹ́rẹ́ tó dé: ṣé mo lóyún, ṣé mo ń fọ́mọ lọ́mú, ṣé mo ní myasthenia gravis, àìsàn tó ń mú kí iṣan rọ, oògùn wo ni mò ń lò. Èmi náà ní tèmi. Mo ní kó po oògùn náà lójú mi, mo ka orúkọ ara ìgò, torí yúníìtì (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn oògùn yìí) Botox àti ti Dysport, oògùn mìíràn tó jọ ọ́, kì í ṣe ọgbọọgba, iye kan náà lè di àṣejù tàbí àìtó.

Ó nu ojú mi, ó fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ojú ibi márùn-ún, yúníìtì 4 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 20 lápapọ̀. Ó ta mí díẹ̀díẹ̀, ojú sì ṣomi. Àárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ó ti parí. Ó kìlọ̀ pé kí n má fọwọ́ ra ibẹ̀, kí n má sì dùbúlẹ̀ fún wákàtí 4, kí oró náà má baà ṣàn dé iṣan tó ń gbé ìpéǹpéjú sókè. Bó bá débẹ̀, ìpéǹpéjú á wó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Kò sí ohun tó yí padà lójú ẹsẹ̀, ẹ má wo díńgí ní wákàtí wákàtí. Ọjọ́ 3 sí 5 ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń dé góńgó ní nǹkan bí ọjọ́ 14. Nígbà tí tèmi dé, mo fẹ́ fajúro, iṣan ò jẹ́ ìpè. Ìlà tó wọ inú awọ náà kéré sí i, kò pòórá. Dókítà ní ká fi díẹ̀ sí etí ojú, níbi tó ń hunjọ bí mo bá rẹ́rìn-ín. Mo kọ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀rín mi.

Oṣù 3 sí 4 ni agbára rẹ̀ sábà máa ń tó, lẹ́yìn náà iṣan á tún máa gba àṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kó máa rí bẹ́ẹ̀, á máa padà lọ, á sì máa sanwó. Èmi ò tíì pinnu. Ìpara tó ń dènà oòrùn ni mo ń fi láràárọ̀, torí Botox ò lè tún ohun tí oòrùn bá bà jẹ́ ṣe.