Bí A Ṣe Ń Wá M78, Ibi Tí Wọ́n Ti Ń Bí Ìràwọ̀

Ẹ ti rí iná mọ́tò nínú ọyẹ́ rí. Mọ́tò ṣì wà lọ́ọ̀ọ́kán, ṣùgbọ́n eruku iwájú rẹ̀ ti funfun báláú. Eruku ò ní iná tirẹ̀. Iná mọ́tò ló tàn sí i lára. Bí M78 ṣe rí lójú ọ̀run nìyẹn: eruku àti gáàsì tí ìràwọ̀ ń tàn sí. Nẹ́búlà ni wọ́n ń pè é. Pierre Méchain, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ rí i lọ́dún 1780.

Ẹ mú alẹ́ tí kò sí òṣùpá, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Bí ọyẹ́ bá mú, ẹ dúró de alẹ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ẹ jìnnà sí iná títì, kí ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí òkùnkùn lè mọ́ ojú yín lára.

Ẹ kọjú sí ìlà oòrùn. Ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́, láàárín oṣù Kejìlá, ẹ ó rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀lé ara wọn láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, tí wọ́n dagun díẹ̀ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ìgbànú Orion ni; Orion ni àgbájọ ìràwọ̀ tí wọ́n fi wé ọdẹ. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni Alnitak.

Ibí yìí ló gba sùúrù. Láti Alnitak, ẹ yà sósì bí ẹni yà ní ìkòríta, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ lọ tó gígùn ìlà ìràwọ̀ mẹ́ta yẹn gan-an. Awò awọ̀nàjíjìn olójú méjì, irú 10x50 (tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá, tí dígí iwájú rẹ̀ sì fẹ̀ tó mìlímítà àádọ́ta), yóò gba Alnitak àti M78 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ẹ ń wá kò tàn: àbàwọ́n kékeré ni, bí èémí lórí dígí. Bó bá ń sá mọ́ yín lójú, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á yọ.

Tẹlisíkóòpù onínṣì mẹ́rin, ìyẹn èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì mẹ́rin, á fi ìràwọ̀ méjì hàn yín nínú rẹ̀, bí iná mọ́tò méjì. Ẹ má retí àwọ̀ búlúù inú fọ́tò. Òótọ́ ni àwọ̀ náà, torí eruku kéékèèké máa ń tú ìmọ́lẹ̀ búlúù ká ju pupa lọ, ṣùgbọ́n ojú wa kì í mọ àwọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó rẹlẹ̀ tó báyìí.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni ojú kò tó. Nínú eruku náà lọ́hùn-ún, níbi tó tutù tó sì ṣókùnkùn, gáàsì ń fa ara rẹ̀ jọ. Bó ṣe ń ṣù ló ń fún, bó ṣe ń fún ló ń gbóná, títí ooru àárín rẹ̀ á fi tó mílíọ̀nù mẹ́wàá ìwọ̀n Celsius, tí háídrójìn á bẹ̀rẹ̀ sí í di hílíọ́ọ̀mù. Ìràwọ̀ dé nìyẹn. Àwọn tó ṣì wà lọ́mọdé níbẹ̀ kì í jókòó jẹ́ẹ́: iná wọn ń pọ̀, ó ń dín, wọ́n sì ń tu gáàsì jáde.

Nítorí náà, ẹ ya ohun tí ẹ rí sínú ìwé, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Ní oṣù Kìíní ọdún 2004, Jay McNeil ní Kentucky, Amẹ́ríkà, fi tẹlisíkóòpù onínṣì mẹ́ta ya fọ́tò sàkáání M78. Ó rí nẹ́búlà kékeré kan tí kò sí nínú ọ̀pọ̀ fọ́tò àtijọ́. Ìràwọ̀ ọmọdé kan ló ṣẹ́ iná, tó tan ìmọ́lẹ̀ sí eruku ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣú. Lọ́dún 2008, ó tún tàn.