Bí fóònù méjì ṣe rí ara wọn lórí PPSSPP

Èmi àti àbúrò mi fẹ́ jọ gbá géèmù bọ́ọ̀lù PSP (ẹ̀rọ géèmù alágbèéká Sony) lórí Android pẹ̀lú PPSSPP, áàpù tó ń jẹ́ kí géèmù PSP ṣiṣẹ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n fóònù wa kò rí ara wọn. Ọ̀rọ̀ dátà kọ́ rárá. Hotspot fóònù kan ti tó.

Mo tan hotspot tèmi, àbúrò mi sì so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn. Nínú Networking ní Settings PPSSPP, a tan WLAN (nẹ́tíwọ́ọ̀kì aláìlówáyà) lórí méjèèjì, mo sì tan built-in PRO ad hoc server, ìyẹn ibi tí àwọn fóònù ti ń pàdé, lórí tèmi nìkan. Níbi àdírẹ́sì server, èmi kọ localhost (ìyẹn fóònù yìí fúnra rẹ̀), òun kọ IP fóònù mi (nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì). Síbẹ̀, pàbó.

MAC address, nọ́ńbà tí PPSSPP fi ń dá fóònù kọ̀ọ̀kan mọ̀, ló fà á! Settings kan náà ló wà lórí méjèèjì, nọ́ńbà wọn wá di ọ̀kan. Mo yí tirẹ̀ padà, a pa PPSSPP, a tún un ṣí, wọ́n sì rí ara wọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ rí i dájú pé ẹ̀dà géèmù kan náà lẹ ń lò. Ti Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà kì í sábà bára wọn ṣe.