Bá A Ṣe Ń Kọ̀wé Béèrè Owó Gírántì Fún Ìwádìí Lórí Àyíká

Owó gírántì, ìyẹn owó tí àjọ kan máa ń fúnni láti fi ṣe iṣẹ́ kan láìní san án pa dà, kì í ṣe owó àánú o. Ẹni tó gbé owó sílẹ̀ ní nǹkan tó ń wá, àwa tá a ń kọ̀wé la máa jẹ́ kó rí i pé iṣẹ́ tá a fẹ́ ṣe gan-an lòun ń wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyẹn, wọ́n á jókòó, wọ́n á kọ ojú ìwé rẹpẹtẹ nípa bí ayé ṣe ń gbóná, bí igbó ṣe ń tán, bí òkun ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù yẹn ti mọ gbogbo ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni kẹ́ ẹ wá ìpè, ìyẹn ìkéde pé kí ẹni tó bá fẹ́ owó kọ̀wé wá, tó bá iṣẹ́ yín mu, kì í ṣe èyí tí owó ẹ̀ pọ̀ jù. Horizon Europe, ètò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fi ń fúnni lówó ìwádìí, wà láti 2021 sí 2027, bíi bílíọ̀nù 95.5 owó yúrò ni wọ́n kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ fún un. Belmont Forum náà wà, ẹgbẹ́ àwọn àjọ tó ń fúnni lówó ìwádìí ni, àyípadà àyíká ni tiwọn, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní alábàáṣiṣẹ́ láti orílẹ̀-èdè tó tó mẹ́ta. NSF, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ń fúnni lówó dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ ìwádìí tó wà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n sábà máa ń fún. Tẹ́ ò bá sí lára àwọn tí wọ́n ń fún, ẹ má fi àkókò yín ṣòfò, kò sí bí gírámà ṣe lè dùn tó tó máa yí ìyẹn pa dà.

Tẹ́ ẹ bá ti rí i, ẹ ka ìwé ìlànà wọn lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ mú báírò dání. Iye ojú ìwé, bí lẹ́tà ṣe máa tóbi tó, ìwé tẹ́ ẹ máa fi kún un, gbogbo ẹ̀ pátá. NSF kì í fẹ́ kí àlàyé iṣẹ́ ju ojú ìwé 15 lọ, tẹ́ ò bá sì tẹ̀ lé ìlànà wọn, wọ́n lè dá a pa dà láìkà á rárá. Ti Horizon Europe tiẹ̀ tún ń pa mí lẹ́rìn-ín, ojú ìwé tó bá fi lé, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀, àwọn tó ń máàkì ò ní rí i. Ẹ wo aago náà dáadáa: aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ìlú Brussels ni wọ́n sábà máa ń lò níbẹ̀, kì í ṣe aago ara ògiri yín. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí lọ́dọ̀ àwọn kan tí mi ò ní dárúkọ, mo ṣi aago kà, ojú mi báyìí ni pọ́tà, ìyẹn ibi tá a ti ń fi ìwé ránṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣe tì nígbà tí fáìlì tó kẹ́yìn ṣì ń wọlé lọ, iṣẹ́ oṣù mẹ́rin. Àtìgbà yẹn, ọjọ́ méjì ṣáájú ni mo máa ń fi ránṣẹ́.

Kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan kan, ẹ fi íméèlì kúkúrú ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ìpè yẹn, ẹ ṣàlàyé iṣẹ́ yín ní ìpínrọ̀ méjì, ẹ béèrè bóyá ó bá ohun tí wọ́n ń wá mu. Àwọn èèyàn máa ń tijú eléyìí, mi ò mọ ohun tó ń tì wọ́n lójú.

Ó wá ku ìbéèrè ìwádìí fúnra ẹ̀. "A fẹ́ ran àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti kojú àyípadà ojú ọjọ́" kì í ṣe ìbéèrè, àdúrà ni. Ẹ wo èyí: "Tá a bá fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ oko, ṣé ọ̀rinrin inú ilẹ̀ máa pẹ́ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? A máa wò ó lórí oko 40, a máa bo 20, a ò ní bo 20." Ẹni tó bá ka ìyẹn ti ń rí iṣẹ́ náà lójú. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ so ó mọ́ àwọn àfojúsùn SDG, ìyẹn àwọn àfojúsùn ìdàgbàsókè tó máa wà pẹ́ títí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2015, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, ẹ má to gbogbo ẹ̀ síbẹ̀ bí ẹní ń to ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ mú ẹyọ kan, kẹ́ ẹ tiẹ̀ dárúkọ apá tẹ́ ẹ ń sọ, bíi 2.4 tó dá lórí oúnjẹ àti ilẹ̀ tó dáa.

Bí wọ́n ṣe ń máàkì ńkọ́? Ní Horizon Europe, nǹkan mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń wò: bí ìmọ̀ ibẹ̀ ṣe jinlẹ̀ tó, àǹfààní tó máa tibẹ̀ jáde, àti bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é. Máàkì márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kéré tán ẹ gbọ́dọ̀ gba mẹ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àti mẹ́wàá lápapọ̀. Ìyẹn ni pé ẹ lè gba márùn-ún, márùn-ún, méjì àbọ̀, kẹ́ ẹ má sì yege. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì rèé, apá ìkẹta yẹn ni wọ́n máa ń fi ìkánjú kọ lóru ọjọ́ ìkẹyìn.

Bọ́jẹ́ẹ̀tì ni mo fẹ́ dúró lé dáadáa, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ má kọ "ẹ̀rọ àti ìrìnnà" kẹ́ ẹ wá ju owó gọbọi kan síwájú ẹ̀. Oko 40 la sọ lókè, ẹ̀rọ méjì tó ń wọn ọ̀rinrin lóko kan, 80 nìyẹn, ẹ fi mẹ́jọ kún un fún èyí tó bá bàjẹ́, ó di 88. Ẹ máa lọ wò wọ́n lọ́sẹ̀ méjì méjì fún ọ̀sẹ̀ 26, ìrìn 13. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ iye ẹyọ kan àti àròpọ̀ ẹ̀. Tí àlàyé yín bá sọ pé oko 40 tí bọ́jẹ́ẹ̀tì sì ń sọ ẹ̀rọ 50, ẹni tó ń kà á ti mọ̀ pé ẹ ò jókòó tì í. Ẹ má sì gé owó kó lè dà bíi pé iṣẹ́ yín ò wọ́n, tí owó bá tán láàárín ọ̀nà, ẹ̀yin ni wọ́n á máa pè. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó owó níbi iṣẹ́ yín nípa owó ilé, iná àti ọ́fíìsì, Horizon Europe máa ń fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún kún owó iṣẹ́ fún ìyẹn, àwọn míì kì í fúnni rárá.

Lẹ́tà àwọn alábàáṣiṣẹ́, ìwé àṣẹ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí, àti ibi tẹ́ ẹ máa tọ́jú dátà sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ wọn ní kùtùkùtù, torí ọwọ́ ẹlòmíì ni wọ́n wà.

Kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ fún ẹni tí kò sí nídìí iṣẹ́ yín kó kà á, kẹ́ ẹ ní kó sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe fún yín láìwo ìwé. Tó bá ń ta kókó, ẹ lọ tún ojú ìwé àkọ́kọ́ kọ.

Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ béèrè ohun tí àwọn tó máàkì ẹ̀ sọ. Ẹ má kà á lọ́jọ́ tó bá dé, inú á bí yín. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ya èyí tí wọn ò lóye sọ́tọ̀ sí èyí tí wọ́n lóye tí wọn ò fara mọ́, ti àkọ́kọ́ yẹn ẹ̀bi ìkọ̀wé yín ni, ìkejì ni kẹ́ ẹ ronú lé, kẹ́ ẹ wá wo ìgbà tí ìpè míì máa jáde.