Bí Mo Ṣe Kọ́ Swing Out, Ẹsẹ̀ Ijó Harlem

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ẹsẹ̀ ijó kan ṣoṣo gbà lọ́wọ́ mi. Swing out lorúkọ rẹ̀, òun sì ni òpómúléró Lindy Hop, ijó tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ ní Harlem, nílùú New York, ní ìparí àwọn ọdún 1920.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo lọ sí Lenox Avenue, láàárín òpópónà 140 àti 141, níbi tí Savoy Ballroom, gbọ̀ngàn ijó Harlem, wà láti 1926 títí di 1958. Ibẹ̀ ni Chick Webb ti ń lu ìlù, ibẹ̀ náà ni dúdú àti funfun ti ń jó pọ̀ nígbà tó jẹ́ èèwọ̀ ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn. Ilé gbígbé ni wọ́n kọ́ síbẹ̀. Ó dùn mí wọra pé wọ́n wó Savoy.

Mẹ́jọ ni kíkà swing out. Ní ení, mo máa gbé ẹsẹ̀ òsì sẹ́yìn. Ní èjì, mo máa padà sórí ọ̀tún. Ní ẹ̀ta sí ẹ̀rin, ẹsẹ̀ mẹ́ta kíákíá, èmi àti ẹnìkejì mi á pàdé, ọwọ́ ọ̀tún mi á dé ẹ̀yìn rẹ̀. Àrún, ẹ̀fà: a ti yí po, mo ti tú u sílẹ̀. Èje sí ẹ̀jọ, ẹsẹ̀ mẹ́ta mìíràn, ó ti bọ́ sọ́hùn-ún, apá wa sì ti nà tán.

Kíkà yẹn kò le. Ohun tó dààmú mi ni pé mò ń fi apá fa obìnrin náà. Èjìká bẹ̀rẹ̀ sí í dun àwa méjèèjì. Ìyá àgbà tó ń kọ́ wa dá ijó dúró, ó ní, “Ọmọ mi, tẹ orúnkún. Fi ìdí sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àpótí.” Ó ní kí a di ọwọ́ kan mú, kí oníkálukú fi ara sẹ́yìn, débi pé bí ẹnì kan bá jáwọ́, ẹnìkejì á ṣubú. Ara mi mọ ìyẹn! Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ jó nílé wa náà nìyẹn, mo kàn ti nàró ni.

Frankie Manning gan-an, gbajúmọ̀ oníjó Lindy Hop ní Savoy, kì í nàró. Ó máa ń tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń sáré, òun àti Frieda Washington ló sì kọ́kọ́ gbé ara wọn jù sókè nínú ijó yìí lọ́dún 1935. N kò tíì dé ìyẹn. Mo tọ́ Balboa náà wò, ijó mìíràn, ti California, níbi tí wọ́n ti ń sún mọ́ra àyà kan àyà, ẹsẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò kúrò ní Harlem.

Lálẹ́ Sátidé kan, ó bọ́ sí i. Nígbà tí a dé ẹ̀jọ, orí ìka wa nìkan ló kan ara wọn, síbẹ̀ mo mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà láìwò ó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe.” A tún un jó títí fèrè fi dákẹ́.