Ìdin Oyin Kò Ní Imú: Ohun Tí Mo Rí Nínú Afárá Tí Mo Rà ní Kúbwà

Oyin ni mo fẹ́ rà o. Ọkùnrin tó ń gbé zuma (bí àwọn Haúsá ṣe ń pe oyin) kiri ládùúgbò wa ní Kúbwà, l'Ábújá, ṣí ike rẹ̀, ó ní afárá inú igbó gidi ni. Mo sanwó, mo gbé e wọlé. Àṣé ìdajì rẹ̀, ìdin ni! Mo fẹ́ jù ú nù, àmọ́ ọmọ mi obìnrin ti gbà á lọ́wọ́ mi. Ó na ìka sí àwọn ihò tí oyin ti dé lórí, ó ní, "Dádì, wọ́n sé wọn mọ́lé. Ibo ni wọ́n ti ń mí?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo fi ṣíbí kékeré wa ìdin kan jáde nínú ihò tí wọn ò tíì dé. Kò lójú, kò lẹ́sẹ̀, ó funfun, ó ká jọ. Mo gbé e sórí abọ́ dúdú kó lè hàn, mo fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá há kámẹ́rà fóònù mi. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, dídán nìkan là ń rí. Oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ́ ọ ló bò ó lára. Mo fi tísù fà á gbẹ, mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ìgbà náà ni àwọn ihò kéékèèké tò sílẹ̀ lára rẹ̀ bí ojú abẹ́rẹ́. Mo ka 8. Ọmọ mi ka 10, òun ló sì gbà á: 10 lápá ọ̀tún, 10 lápá òsì. Ibẹ̀ ni ọ̀pá afẹ́fẹ́ ti ń wọnú ara, tó ń yà bíi gbòǹgbò títí tó fi tín-ín-rín ju irun lọ. Kòkòrò ò ní ẹ̀dọ̀fóró. Afẹ́fẹ́ ń gba àwọn ọ̀pá yìí dé ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀, kò dúró de ẹ̀jẹ̀ kó wá gbé e. Oyin tó ti dàgbà a máa fi ikùn fẹ́ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Ìdin ní tirẹ̀ dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé bí ó bá ń bọ́ awọ, awọ tó wà nínú àwọn ọ̀pá yẹn náà ń bá a bọ́!

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìdérí. Èyí tó wà lórí oyin funfun, ti orí ìdin pupa bí ilẹ̀, ó sì wú díẹ̀. Mo bu díẹ̀díẹ̀ sínú ṣíbí méjì, mo gbé wọn sórí àbẹ́là. Ti oyin yọ́ pátápátá. Ti ìdin yọ́ tán, ó ṣẹ́ku gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bíi ti tíì. Kì í ṣe ìda nìkan ni wọ́n fi ṣe é: ògbólógbòó ìda àti ìdọ̀tí wà nínú rẹ̀, ìdin fúnra rẹ̀ sì ń ta òwú sí i láti inú. Ìdí nìyẹn tí afẹ́fẹ́ fi ń rí ọ̀nà gbà, tí ọmọ oyin fi lè wà lábẹ́ rẹ̀ fún bí ọjọ́ 12 láìkú.

Ìyá ìyàwó mi, tó wá kí wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń wò wá látìgbà yẹn. Ó ní, "Ẹ lọ wo tanwíji inú táyà ẹ̀yìnkùlé." A lọ. Wọ́n dorí kodò, wọ́n fi ìdí kan ojú omi: ìdí ni wọ́n fi ń mí. Màmá kán òróró ẹ̀pà sí i, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń jà ràpàràpà. Ó ní kẹrosíìnì ni àwọn máa ń lò nílé.

Nígbà tí ọlọ́yin tún kọjá lọ́jọ́ Sátidé, mi ò gbọ́ ìpolówó rẹ̀ rárá. Ìdérí ni mo ń wò. Mo ní kó gé gbogbo aláwọ̀ ilẹ̀ kúrò kó tó wọ̀n ọ́n.